Bí ẹ ṣe lè kọ́ iṣẹ́ mósáíìkì ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣe

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí fóònù mi láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò tábìlì tí mo fi iṣẹ́ mósáíìkì ṣe, ìyẹn títo àfọ́kù táìsì pọ̀ di àwòrán, sórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti kọ́ ọ? Ọjọ́ mélòó ló gbà? Ṣé mi ò kàn lè wò ó lórí YouTube?" Ó ń wá láti Lágeré, ó ń wá láti Modákẹ́kẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun á máa wọkọ̀ wá láti Iléṣà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ẹ lè wo fídíò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sí fídíò tó máa gbá yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ da omi sí símẹ́ńtì jù. Ẹni tó ti bà á jẹ́ títí tó fi mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ dúró tì yín. Bí ẹ ṣe máa rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ máa gbé dání lọ, àti bí iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, ohun tí mo fẹ́ kọ síbí nìyẹn, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè.

## Irú ẹ̀kọ́ wo lẹ fẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ dá ara yín lóhùn kí ẹ tó wá ọ̀gá kiri.

- Ọjọ́ kan tàbí méjì: ó dára fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá òun lára mu. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti parí nǹkan kan, torí gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kó tó gbẹ. Ẹni tó bá ní òun máa kọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín wákàtí mẹ́ta, apá kan ló fẹ́ kọ́ yín.
- Kíláàsì Sátidé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ: èyí ni mo ṣe, òun náà ni mo máa ń sọ fún èèyàn. Láàárín Sátidé kan sí èkejì, ẹ máa gé táìsì nílé, ẹ máa ṣìṣe, ẹ sì máa ní ìbéèrè gidi láti gbé padà wá.
- Ìkọ́ṣẹ́: ẹ máa wà lábẹ́ ọ̀gá títí ẹ máa fi gba fúríídọ̀ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ fi jẹun ni kó lọ síbẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa mọ ọ̀gá tòótọ́

Ẹ má retí pátákó ńlá lójú títì. Ẹ béèrè ní Fine and Applied Arts ní OAU, kí ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ gan-an pé ta ló ń fi táìsì tàbí gíláàsì ṣiṣẹ́ láàárín ìlú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta táìsì, torí wọ́n mọ ẹni tó máa ń wá ṣa àfọ́kù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ ju táìsì lọ, Òṣogbo kò jìnnà, ìlú Jimoh Buraimoh tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀ ni. Àwọn ayàwòrán pọ̀ níbẹ̀ tí ẹ lè wádìí lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ẹnì kan, ẹ má sanwó. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ rẹ̀.

1. Ẹ béèrè èyí tó ti pẹ́ níta. Iṣẹ́ tó ti jẹ òjò ọdún méjì ló máa sọ òótọ́. Ẹ fi ìka kan án káàkiri. Bí ó bá ń dún bí agolo òfìfo níbì kan, gọ́ọ̀mù kò mú lábẹ́ ibẹ̀, àfọ́kù yẹn ń bọ̀ wá bọ́.
2. Ẹ wo àlàfo, ẹ má wo àwòrán. Ẹnikẹ́ni lè ya ẹyẹ tó lẹ́wà. Àlàfo tó wà láàárín àfọ́kù sí àfọ́kù ni ẹ máa fi mọ ọwọ́ èèyàn. Ṣé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu? Ṣé símẹ́ńtì kún ibẹ̀ dáadáa, àbí ó ti sán? Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú iṣẹ́ náà. Kò gbọdọ̀ gé yín.
3. Ẹ béèrè iye èèyàn tó ń gbà pọ̀. Tí ó bá ti ju mẹ́jọ lọ fún ọ̀gá kan, ẹ máa lo ìdajì ọjọ́ ní dídúró de ẹ̀mú, ohun èlò tí wọ́n fi ń gé táìsì.
4. Ẹ béèrè ta ló máa gé táìsì. Mo fi owó mi kọ́ eléyìí. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, a bá àfọ́kù tí wọ́n ti gé sílẹ̀ nínú ike, a bá pákó tí wọ́n ti ya òdòdó sí. A kàn lẹ̀ ẹ́ ni, a ya fọ́tò, a gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí mo délé, tí mo gbé táìsì odidi síwájú, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà ṣì wà.
5. Ẹ wo ibi iṣẹ́ náà. Ṣé omi wà nítòsí? Ṣé afẹ́fẹ́ ń wọlé? Ṣé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń wọ jígí ààbò? Èyí tí kò wọ̀ ọ́, tó ní òun ti mọ́ra, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo èyí bá ti tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ wá dúnàádúrà. Ẹ béèrè bóyá owó táìsì, gọ́ọ̀mù àti símẹ́ńtì wà nínú iye tí wọ́n pè, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀.

## Ohun tí ẹ máa gbé dání

- Jígí ààbò ojú tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú pẹ̀lú. Jígí oòrùn kò lè dípò rẹ̀.
- Ìbòmú tó mọ́ imú dáadáa. Eruku táìsì kì í ṣe eruku ilé, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.
- Ìbọ̀wọ́ méjì: èyí tó nípọn fún gígé, èyí tó jẹ́ rọ́bà fún símẹ́ńtì.
- Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ti rí ẹni tó wọ sílípáàsì wá. Kò wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ kejì.
- Aṣọ àlòkù méjì, fóòmù méjì, ike kékeré mẹ́ta fún àwọ̀ àfọ́kù.
- Pẹ́ńsù, máàkà, igi ìṣáná.

Ní ti táìsì, ẹ wá táìsì ara ògiri, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí amọ̀ sísun. Táìsì ilẹ̀ tó le bí òkúta máa dá ọwọ́ yín lágara, ó sì máa ba ẹ̀mú ọlọ́ẹ̀mú jẹ́. Ẹyọ kan tó jẹ́ 25 sí 40 sẹ̀ǹtímítà tó bo pákó 30 sí 30, àmọ́ ẹ máa ba púpọ̀ jẹ́. Ẹ wá bíi mẹ́ta, ní àwọ̀ mẹ́ta. Ẹ má ra odidi páálí. Ẹ bẹ àwọn tó ń lẹ táìsì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wọ́n á fún yín ní èyí tó ṣẹ́kù, pàápàá bí ẹ bá ra omi tútù lọ́wọ́ lọ.

## Ẹ fi àpáàdì ilẹ̀ Ifẹ̀ sílẹ̀

Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ ni ìkìlọ̀ yìí kàn jù. Ẹ máa wú ilẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé, ẹ máa rí àpáàdì tí wọ́n tò ní ìdúró, etí rẹ̀ lókè. Iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa ni, òun ni àwọn àgbà máa ń so mọ́ Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin. Ẹ má hú u. Ẹ má fi ṣe ohun èlò kíláàsì bó ti wù kó lẹ́wà tó. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ló ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ lọ sọ ní mùsíọ́mù tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin.

Wíwò rẹ̀ kò léèwọ̀ ṣá. Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí Ìta Yemòó lọ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ìlà kan dà sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e dà sí òsì, bí egungun ẹja. Ní àwọn ibòmíì, òkúta funfun kéékèèké ni wọ́n fi há àárín wọn. Ẹ wo bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe di èkejì mú. Ìkòkò fífọ́ tuntun tí ẹ bá fẹ́ fi dánra wò, ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìkòkò lọ́jà. Èyí tó fọ́ lójú ọ̀nà kì í tán lọ́wọ́ wọn.

## Iṣẹ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

1. Ẹ yan àwòrán. Ewé kan, ẹja kan, igbá kan. Ẹ má fi ojú èèyàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi máàkà yà á sórí pákó. Apá èyíkéyìí tó bá tínrín ju ọmọ ìka tó kéré jù lọ, ẹ mú un kúrò, ẹ kò ní rí àfọ́kù tó máa gbà síbẹ̀.

2. Ẹ tún pákó ṣe. Pílíìwúdù tó nípọn tó mìlímítà 12 ló dára. Èyí tó fẹ́lẹ́ máa tẹ̀. Ẹ fi ìṣó fa ojú rẹ̀ níbùú lóròó kí gọ́ọ̀mù lè rí nǹkan dì mú. Ẹ wá po gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò mọ́ omi kó ṣàn, ẹ fi kun ún níwájú, lẹ́yìn àti ní etí, kó gbẹ.

3. Ẹ fọ́ táìsì. Ẹ wé e sínú aṣọ àlòkù, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má lù ú bí ẹni ń gún iyán. Èyí tó bá jáde tóbi, ìyẹn ló dára, ẹ̀mú ló máa ṣe ìyókù.

4. Ẹ gé e. Ibí ni mo ti rí ìdí tí mo fi sanwó. Bí ẹni ń fi ehín gé obì ni gbogbo wa ń ṣe é: a ki ẹnu ẹ̀mú bọ àárín táìsì, a fún un pọ̀, ó fọ́ sí mẹ́rin. Ọ̀gá wa kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń po gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó kàn ń gbọ́ ìró. "Ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, o ti ki ẹ̀mú bọ inú rẹ̀ jù." Èmi ni. Ó wá fi hàn mí: kí ẹnu ẹ̀mú gbá etí táìsì mú, kó má ju bíi mìlímítà mẹ́ta lọ, kí ẹ di ìdí ẹ̀mú mú, ẹ má di ọrùn rẹ̀ mú. Ẹ wá máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gé nìyẹn. Bí ó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń rún ni, ẹ dẹwọ́. Ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó kí ẹ̀là má fò. Tí ẹ bá fẹ́ yọ igun, ẹ máa ṣí i jẹ wẹ́wẹ́ láti etí wá, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tó ń lo iná láti gé e, kó jẹ́ èyí tó ń da omi sí i bó ṣe ń gé. Gbígbẹ kọ́, torí eruku.

5. Ẹ tò ó láìsí gọ́ọ̀mù ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó yí àwòrán náà ká, ẹ kún inú rẹ̀, kí ẹ tó tò ó yí etí pákó ká, kí ẹ wá fi àyè tó kù lẹ́yìn àwòrán parí. Kí ìtò náà máa tẹ̀ lé ara ohun tí ẹ yà: àfọ́kù ara ẹja máa tẹ̀ bí ara ẹja ṣe tẹ̀. Igi ìṣáná ni kí ẹ fi wọn àlàfo. Bí ó bá kọjá láàárín méjì tó sì fara kan méjèèjì, ó tó.

6. Ẹ lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ́yìn àfọ́kù, tẹ̀ ẹ́, fi í sílẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá rú jáde kún àlàfo, ẹ fi igi ìṣáná yẹn ha á kó tó gbẹ, torí símẹ́ńtì kò ní ríbi wọ̀ mọ́. Ohun tó máa wà níta gbangba kọ́ ni ẹ máa fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀. Omi máa ń rọ̀ ọ́. Ìyẹn, símẹ́ńtì alẹ̀táìsì lórí ìpìlẹ̀ kankéré ni.

7. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà òjò, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì.

8. Ẹ po símẹ́ńtì funfun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ da símẹ́ńtì sínú ike, kí ẹ wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ kó fi rí bí àmàlà tó rọ̀. Bí ó bá ti ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, ó ti bàjẹ́. Ó máa sán bó bá gbẹ. Bí àlàfo yín bá fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́ta lọ, ẹ pò ó mọ́ yanrìn tí ẹ ti jọ̀ dáadáa. Ẹ lè fi ọ́sáìdì, ìyẹn ìyẹ̀fun àwọ̀ tí wọ́n ń ta níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé sọ ọ́ di pupa tàbí dúdú. Tèmi ni pé dúdú máa ń gbé àwọ̀ yọ ju funfun lọ. Gbígbẹ ni kí ẹ ti po ọ́sáìdì mọ́ símẹ́ńtì kí omi tó kàn án.

9. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ àlàfo. Ẹ fà á lọ fà á bọ̀ níbùú lóròó títí kò fi ní sí ihò kankan.

10. Ẹ nù ún. Ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú 15. Fóòmù tí ẹ ti fún gbẹ dáadáa ni kí ẹ fi nù ún, ẹ máa yí ojú rẹ̀ padà, ẹ máa fọ̀ ọ́. Fóòmù tó ń kán omi máa fa símẹ́ńtì jáde kúrò nínú àlàfo. Bí ó bá tún ṣe funfun bí ẹfun lẹ́yìn wákàtí kan, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún.

11. Ẹ bò ó. Ẹ má gbé e sí oòrùn. Omi ni símẹ́ńtì fi ń le, kì í ṣe ooru. Ẹ fi aṣọ tútù àti nílọ́ọ̀nù bò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí aṣọ náà láràárọ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀gá tó dáńgájíá máa fi hàn yín bó bá yá: ẹ máa dojú àfọ́kù bolẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìwé ìdìǹkan, ẹ wá yí gbogbo rẹ̀ dà sórí símẹ́ńtì tútù, ẹ máa fi omi ṣí ìwé kúrò. Ojú iṣẹ́ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Gọ́ọ̀mù tí omi lè tú ló ń fẹ́. Ẹ̀kọ láfún tí àwọn aládìrẹ ń lò ni ọ̀gá wa ń lò, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ ṣáà rántí pé àwòrán máa yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹni tó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i láàárín wa kò rántí.

## Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe jù

Oúnjẹ ni tèmi. Mo tẹ símẹ́ńtì wọ àlàfo tán, ebi ń pa mí, mo ní kí n sáré lọ jẹ àmàlà kí n tó wá nù ún. Àwọn tó tò síbẹ̀ pọ̀, ọbẹ̀ náà dára. Nígbà tí mo máa fi dé, símẹ́ńtì ti le mọ́ ojú gbogbo táìsì, ẹja mi ti di òkúta. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi bíléèdì àti kànrìnkàn onírin ha á. Ọ̀gá jókòó, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹun kí ẹ tó po símẹ́ńtì.

Àwọn yòókù:

- Fífi ìka yẹ etí àfọ́kù wò. Ó mú ju abẹ lọ. Òkúta ìpọ́nbẹ ni kí ẹ fi ra á.
- Fífi ọwọ́ lásán po símẹ́ńtì. Ó máa ń jó ara láìjẹ́ kí ẹ tètè mọ̀. Bí ó bá kan ara, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá kan ojú, ẹ fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ.
- Dída omi símẹ́ńtì sínú síńkì. Ó máa le sínú páìpù. Ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ da omi òkè sórí ilẹ̀, kí ẹ ha èyí tó wà nísàlẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, kó di ààtàn.
- Gbígbá àfọ́kù ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀ kí ẹ tó gbá a, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé rìn lẹ́sẹ̀ lásán níbẹ̀ títí ẹ máa fi nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

## Bí owó kò bá tíì tó

Ẹ fi èèpo ẹyin dánra wò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bó awọ inú rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kùn ún ní àwọ̀. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Kò ní kọ́ yín ní gígé, àmọ́ ojú yín máa mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Àwọn tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní ìdájí máa fún yín léyìí tó pọ̀. Tàbí kí ẹ wá alẹ̀táìsì kan, kí ẹ bá a ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan: gígé, pípo àti dídí àlàfo, gbogbo rẹ̀ lẹ máa rí. Ní tòótọ́, ó sàn ju kíláàsì olówó ńlá tí mo kọ́kọ́ lọ.

## Lẹ́yìn kíláàsì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ èkejì kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, nígbà tí ìró ẹ̀mú ṣì wà létí yín. Ẹ gbé e lọ fún ọ̀gá kí ẹ tó dí àlàfo rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ṣì lè bá yín tún un ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri, ẹ mọ̀ pé kò fúyẹ́: ìkọ́ méjì, ìṣó onírin, kì í ṣe okùn.

Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sẹ́yìn pákó, pẹ̀lú ìwọ̀n símẹ́ńtì àti omi tí ẹ lò. Tèmi àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo kọ "ẹja" sẹ́yìn rẹ̀. Ó dára bí mo ṣe kọ ọ́, torí gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń pè é ní bàtà.